Ìpamọ́ Sìgá Kúbà

Sìgá ilẹ̀ Kúbà tí a fi ọwọ́ ká, èyí tí ó jẹ́ ewé tábà láti inú dé òde, ṣì máa ń dàgbà lẹ́yìn tí a bá ti ká a tán, nítorí pé òórùn amóníà tí ń ta nímú yóò máa kúrò lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí adùn rẹ̀ yóò sì máa tù síi bí ọdún ti ń gorí ọdún. Àpótí igi kédárì, tí kì í ṣe kédárì Lẹ́bánónì inú Bíbélì bí kò ṣe ìbátan ọ̀gánwó, ni ó yẹ ẹ́ jù; ọ̀rinrin inú rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ jìnnà sí ìdá 65 sí 70 nínú ọgọ́rùn-ún, torí bí ó bá gbẹ jù, ewé òde yóò sán, bí ó bá sì tutù jù, yóò bu.

Sẹ́lóféènì, ìyẹn ìwé dídán tí ojú ń rí òdìkejì rẹ̀, tí a máa ń fi wé àwọn sìgá kan, ni ó gba àròjinlẹ̀. Ó jọ ọ̀rá, ṣùgbọ́n èròjà igi ni a fi ṣe é, ọ̀rinrin sì ń gba inú rẹ̀ kọjá, nítorí náà sìgá inú rẹ̀ ń dàgbà, àmọ́ ó ń falẹ̀, títí epo ewé yóò fi sọ ìwé náà di aláwọ̀ oyin. Ẹni tí ń gbé sìgá rìnrìn àjò kò gbọdọ̀ bọ́ ìwé náà kúrò. Ṣùgbọ́n fún ìpamọ́ ọlọ́dún gbọọrọ, láìní sẹ́lóféènì lára ni ó dára jù, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ sìgá Kúbà ṣe ń jáde láti ilé iṣẹ́.