Ta Ló Rán Deola Níṣẹ́?

Ọ̀rẹ́ wa kan wà ní Manchester. Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ la ti jọ dàgbà, a jọ ṣe girama, kó tó di pé ó lọ kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìṣúná ní yunifásítì, tí bàbá rẹ̀ sì ta ilẹ̀ kan kó lè lọ gba oyè kejì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní òpin ọ̀sẹ̀ ó máa ń fi ohùn ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp. Kì í sọ Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀, kì í tilẹ̀ sọ Yorùbá tí wọ́n ń sọ lórí rédíò. Ìjẹ̀bú pọ́ńbélé ló máa ń sọ, irú èyí tí fáwẹ́lì u ti ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Lóṣù mélòó kan sẹ́yìn, ó bi wá ní ìbéèrè kan tí a ò rí èsì fún lójú ẹsẹ̀. Ó ní: "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń kàwé, ṣé ìwé kankan wà tó sọ nípa irú èmi yìí? Kì í ṣe ẹni tó gba aṣálẹ̀ kọjá o. Kì í ṣe dókítà, kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Ẹni tó jókòó ti kọ̀ǹpútà, tó ń ka owó olówó láti àárọ̀ dalẹ́, tó wá délé tí kò rẹ́ni bá sọ̀rọ̀."

Ìbéèrè yẹn la bá kiri. Méjì la rí tó sún mọ́ ọn jù. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ méjèèjì. A ó padà sórí ìyẹn.

Èkíní ni A Squatter's Tale, tí Ike Oguine, ẹni tó jẹ́ agbẹjọ́rò, kọ, tó jáde ní ọdún 2000 lára àwọn ìwé African Writers Series. Obi lorúkọ ọmọkùnrin inú rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ fáínáǹsì ló ń bá ṣiṣẹ́ l'Ékòó, irú àwọn tó hù bí olú lẹ́yìn tí ìjọba Babangida gbé ètò SAP kalẹ̀ ní 1986, tí wọ́n ń ṣèlérí èlé gọbọi fáwọn èèyàn, tí ọ̀pọ̀ wọn sì wó lulẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Àwọn òbí wa ṣì rántí. Lágbègbè tiwa, níbi tí ọ̀rọ̀ owó kì í ti í ṣe àwàdà, àwọn àgbàlagbà kan wà tí owó ìfẹ̀yìntì wọn bá irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọn ò sì fẹ́ kẹ́nikẹ́ni mẹ́nu bà á létí wọn dòní. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ ti Obi náà wó, ó gba Amẹ́ríkà lọ, ó lọ wọ̀ sọ́dọ̀ Uncle Happiness ní Oakland, Kalifọ́níà. Uncle Happiness yìí ti fi ìròyìn ọrọ̀ rẹ̀ kún etí ará ilé. Ohun tí Obi bá níbẹ̀ ò jọ ìròyìn náà rárá.

Ohun tó dùn mọ́ wa jù nínú ìwé yìí ni pé Oguine ò fi ojú àánú wo Obi. Òun náà jẹ nínú owó yẹn. Ó wọ aṣọ tó dáa, ó ná owó bí ẹni pé kò lè tán láé, kò sì béèrè ibi tó ti ń wá. Nítorí náà, nígbà tó di ẹni tó ń wojú ẹni tó gbà á sílé, a rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ọ̀hún sì wá há wa lọ́fun. Ẹ wo àkọlé ìwé náà: ìtàn ẹni tó ń fara há ilé onílé. Ìṣòro tí a rí sí i ni pé àwọn obìnrin inú rẹ̀ ò rí àyè mí. Bí wọ́n bá ti wọlé báyìí, ọ̀rọ̀ Obi ni wọ́n wá ràn lọ́wọ́, lẹ́yìn náà wọ́n á jáde.

Ti Sefi Atta yàtọ̀ síyẹn. A Bit of Difference ló pe ìwé tiẹ̀, ó jáde ní 2013. Deola Bello ni ẹni tí a ń tẹ̀ lé: ọmọ Yorùbá, ọmọ ọdún 39, tí ń ṣiṣẹ́ àyẹ̀wò owó fún àjọ aláàánú kan ní London. Pápákọ̀ òfúrufú Atlanta ni ìtàn ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí ojú Deola ti ṣe kòńgẹ́ àwòrán obìnrin Áfíríkà kan tí wọ́n fi ń polówó. Lẹ́yìn náà iṣẹ́ gbé e wá sí Nàìjíríà, àkókò ọ̀hún sì bọ́ sí ìgbà tí ẹbí ń ṣe ìrántí ọdún karùn-ún tí bàbá rẹ̀ kú. Bàbá yìí ló dá báǹkì sílẹ̀ nígbà ayé rẹ̀. A ò ní sọ bó ṣe parí, ẹ lọ kà á fúnra yín.

Sefi Atta fúnra rẹ̀ kọ́ṣẹ́ ìṣirò owó kó tó di òǹkọ̀wé, ó sì hàn. Ẹni tó ń yẹ ìwé owó wò kì í gba ọ̀rọ̀ ẹnu gbọ́ títí yóò fi rí rìsíìtì. Ojú yẹn ni Deola fi ń wo gbogbo nǹkan: àjọ aláàánú tó ń bá ṣiṣẹ́, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ òyìnbó, àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ohùn wọn ti yí padà, àní ẹbí tirẹ̀ pàápàá. Ojú yẹn náà ni wọ́n fi kọ ìwé ọ̀hún. Kò sí ẹkún púpọ̀ níbẹ̀. Gbólóhùn á kúrú, á gbẹ, á kọjá. Ọ̀pọ̀ ìwé tó ń sọ̀rọ̀ jápa lónìí, oúnjẹ ni wọ́n fi ń fi àárò ilé hàn. Ẹni tó bá ti ń ṣàárò ilé, ó di dandan kó lọ wá ata rodo kiri Peckham. Atta ò fi oúnjẹ bò wá mọ́lẹ̀. Àárò tiẹ̀ jẹ́ ti ẹni tó ti rẹ̀ láti máa ṣàlàyé ara ẹ̀ fáyé. Nígbà tí ọ̀rẹ́ wa ka ìwé náà nínú ọkọ̀ ojú irin, ohun tó kọ́kọ́ sọ fún wa nìyí: "Ìrọ̀lẹ́ Deola yẹn, èmi ni." Àwa ò ní lọ́kàn láti bá a jiyàn.

Ohun kejì tó sọ ńkọ́? "Ọmọ olówó ni, jàre."

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ilé tí Deola ń ṣàárò rẹ̀, ilé ọlọ́lá l'Ékòó ni. Bó bá fẹ́, ó lè padà, nǹkan kan wà tó ń dúró dè é. Bóyá kí òun padà tàbí kí òun má padà, ìbéèrè ọkàn ni fún un. Fún ọ̀rẹ́ wa, ìbéèrè ìṣirò ni. Ní oṣù kẹrin 2024, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé owó-oṣù tí ẹni tó fẹ́ gba físà òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ máa gbà lọ́dún kúrò ní £26,200 lọ sí £38,700. Nígbà tó di oṣù keje 2025, ó tún di £41,700. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé-ìwé ní ẹ̀dínwó díẹ̀, àmọ́ ẹ̀dínwó yẹn ní ọjọ́ tó ń parí. Lọ́wọ́ kejì, náírà tó wà ní nǹkan bí 460 sí dọ́là kan kí wọ́n tó já a sílẹ̀ ní oṣù kẹfà 2023 ti kọjá 1,500 kí ọdún tó tẹ̀ lé e tó jìnnà. Ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí ni pé pọ́ùn díẹ̀ tó bá fi ránṣẹ́ ń di owó ńlá nílé, kò sì sẹ́ni nílé tó fẹ́ kó padà wá gba náírà. Ẹni tí kò bá wo ìṣirò yìí, kò tí ì rí inú irú àárò yìí. Ọdún mẹ́rin rèé tí kò wálé. Ìyá rẹ̀ ti dẹni tó ń lo gíláàsì méjì, ọ̀kan fún kíkàwé, ọ̀kan fún fóònù.

A ò lè bá Atta wí pé kò kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2024 sínú ìwé tó jáde ní 2013. Àmọ́ a lè bi í léèrè pé kí ló dé tí ilé fi máa ń jẹ́ Èkó nìkan nínú ìwé báwọ̀nyí. Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ tí Ajalọ́run ń jọba lé lórí ńkọ́? Ìlú tó jẹ́ pé bí o bá fẹ́ mọ̀ pé ọmọ ẹni kan wà lókè òkun, òrùlé ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ ni wàá wò?

Ẹ jẹ́ ká mẹ́nu ba Fágúnwà díẹ̀. Nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tó jáde ní 1938, ọba ló rán Àkàrà-ògùn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Òkè Láńgbòdó, pé kí wọ́n mú ohun tí yóò ṣe ìlú láǹfààní bọ̀. Ìrìn-àjò náà le, àmọ́ wọ́n mọ ẹni tó rán wọn, wọ́n sì mọ ẹni tí wọ́n máa jíṣẹ́ fún. Ẹ wá fi ti Obi wé e: kò sẹ́ni tó rán an, ńṣe ló sá. Deola ńkọ́? Àjọ òyìnbó ló rán an wá sí ilé bàbá rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún gbólóhùn yẹn kà. Ọmọ wálé, àmọ́ iṣẹ́ ẹlòmíì ló wá jẹ́. Ó wá yẹ àwọn ará ilé rẹ̀ wò bóyá wọ́n yẹ lẹ́ni tí à ń fún lówó. Lójú tiwa, ohun tó dùn wá jù nínú ìwé náà nìyẹn, Atta ò sì pariwo rẹ̀ rárá. Ti ọ̀rẹ́ wa tún yàtọ̀: ilẹ̀ tí wọ́n tà ló rán an. Gbogbo ìgbà tí bàbá rẹ̀ bá pè, tó ní "ṣé dáadáa lẹ wà lọ́hùn-ún?", ìkíni ni, àmọ́ ilẹ̀ yẹn wà nínú ohùn rẹ̀.

Ẹ̀yà wa náà nìyí o, tí kò gbà kí òyìnbó gba ilẹ̀ rẹ̀ kọjá bó ṣe wù ú, títí wọ́n fi fi ìbọn wọlé ní Ìmágbọ̀n ní 1892. Lónìí, àwọn ọmọ ọmọ wọn ló ń tò sẹ́nu ọ̀nà òyìnbó pẹ̀lú fáìlì lábíyá. A kàn ní ká sọ ọ́ ni.

Ìgbà tí ayé ń wo ilé wa, kí ni wọ́n ń rí? Ojúde Ọba ni. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 oṣù kẹfà 2024, àwòrán Farooq Oreagba lórí ẹṣin ní Ìjẹ̀bú-Òde gba gbogbo orí íntánẹ́ẹ̀tì kan, òun náà sì jẹ́ ẹni tó ti ṣiṣẹ́ pẹ́ nídìí owó àti ọjà ìpín ìdókòwò. Ọjọ́ iṣẹ́ ni lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ wa. Lákòókò oúnjẹ ọ̀sán ló wò ó lórí fóònù, ó fi han ẹni tó jókòó tì í ní ọ́fíìsì, onítọ̀hún ní ó rẹwà gan-an, ó sì padà sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Àwa náà fẹ́ràn Ojúde Ọba o, a kì í fi ṣeré. Ṣùgbọ́n ọ̀sán Ìṣẹ́gun tí kò ní ọdún nínú ni ọ̀rẹ́ wa ń ṣàárò rẹ̀: ariwo ẹ̀rọ tó ń rin ẹ̀gẹ́, ọmọ tí wọ́n rán lọ ra epo pupa tí kò tètè dé, ewùrà tí wọ́n ti rin sílẹ̀ fún ìkọ̀kọrẹ́ tó sì ń dúró dè é. Ta ló máa kọ ìyẹn?

Ọ̀rọ̀ èdè wá dé báyìí. Bí Deola bá ṣàárò ilé lédè Gẹ̀ẹ́sì, òun ni olùṣe, ilé ló ń gbà á. Lédè wa, àárò ló ń sọ ènìyàn. Òun ló ń ṣiṣẹ́, ìwọ ló ń bá wí, kò sì béèrè àyè lọ́wọ́ rẹ. Ẹni tó bá kọ irú ìwé yìí ní Yorùbá á bá ọ̀rọ̀ mìíràn pàdé látojú ewé kìíní. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé Yorùbá ò gba irú ìtàn báyìí. Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ Àjà Ló Lẹrù ní 1969, ó kó ọlọ́pàá, olè àti ìbọn sínú rẹ̀, èdè ò ya. Àwa tí à ń kọ̀wé lónìí ló fẹ́ràn ọba, ọdẹ àti babaláwo jù. Oníṣirò owó dúró sẹ́nu ọ̀nà, a ò ní kó wọlé.

A sọ èyí fún ọ̀rẹ́ wa, a rò pé ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ó ní òun ti bẹ̀rẹ̀. Ojú-ìwé kan. Ó há síbi payslip. Kí là ń pè é? Ẹnì kan nínú wa ní "ìwé owó-oṣù", òmíràn ní kó kàn kọ "péésílíìpù" kó máa lọ, ọ̀rọ̀ náà di àríyànjiyàn títí di ààjìn. Ìyá rẹ̀, tí kò mọ ohun tí à ń bá ara wa fà, ló tán an nígbà tó pè é láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé. Ó ní: "Bébà tí wọ́n fi ń sọ iye tí wọ́n ti yọ lára owó ẹ yẹn, ṣé wọ́n ti fún ẹ toṣù yìí?"

Ó ti kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́. Ó ti wà lójú-ìwé kẹrin báyìí.