Ṣé Wọ́n Ń Fúnni Lóúnjẹ Níbẹ̀?

Ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ Sátidé kan, mo wọ ọkọ̀ ní gáréèjì Ìjẹ̀bú-Igbó. Awakọ̀ náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó mọ̀ mí dáadáa ní Òkè-Agbo, wo aṣọ ọrùn mi, ó rí i pé kì í ṣe aṣọ ẹbí. Ó ní, "Bàbá, ta ló ń ṣe ìnáwó l'Ékòó?" Mo ní kò sí ìnáwó, pé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí ó wà ní Oníkan ni mo fẹ́ lọ wò, pé ọjọ́ kejì ni n óò padà. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó tún ní, "Ó dáa o, Bàbá. Ṣé wọ́n ń fúnni lóúnjẹ níbẹ̀?" Gbogbo èrò ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí a fi máa kọjá Ṣágámù, ẹ̀rín ti tán lẹ́nu mi, ìbéèrè náà kò sì tán lọ́kàn mi.

Kì í ṣe ìbéèrè òmùgọ̀. Bí a bá wò ó dáadáa, àríwísí ni, ó sì jinlẹ̀ ju ọ̀pọ̀ èyí tí àwa tí a ń pe ara wa ní ọ̀mọ̀wé ti kọ sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ àṣà. Kì í ṣe pé àwa ará Òkè-Agbo kì í rìnrìn-àjò ní òpin ọ̀sẹ̀. A ń lọ òkú, a ń lọ ìgbéyàwó, a ń lọ ìsọmọlórúkọ, a ń lọ Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde ní ọjọ́ kẹta ọdún Iléyá. Ibi gbogbo tí a ń lọ wọ̀nyí, ẹnì kan ni ó pè wá, ìkòkò sì ti wà lórí iná kí a tó dé. Oúnjẹ tí a jẹ ni ẹ̀rí pé a débẹ̀. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kì í pe ẹnikẹ́ni lórúkọ. Ó ní kí a wá fi ojú wo nǹkan, kí a má fi ọwọ́ kàn án, kí a sì máa lọ. Bẹ́ẹ̀ àwọn àgbà ti wí pé ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ọjọ́ méjì rin ìlú ńlá nítorí àṣà, kí ó má ṣe ka ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sí iṣẹ́, kí ó wá ka búkà sí ìsinmi. Ìdajì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ohun tí ó ti kúrò lọ́wọ́ àwọn tí ó ni ín ni ó wà nínú gíláàsì. Ohun tí ó ṣì wà lọ́wọ́ wọn ni ó wà nínú abọ́. Ẹni tí ó bá rí ọ̀kan tí kò rí èkejì, ààbọ̀ ìran ni ó wò.

Kí a bẹ̀rẹ̀ láti Oníkan. Ní ọdún 1957 ni wọ́n ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ti ìjọba àpapọ̀ tí ó wà níbẹ̀. Kenneth Murray, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ti ṣe olùkọ́ iṣẹ́ ọnà ní ilẹ̀ wa, ni ó ṣe akitiyan rẹ̀. Òun ni ó ti ń ṣe olórí ẹ̀ka ìjọba tí ń bójú tó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé láti ọdún 1943. Ẹ̀rù ni ó bí ilé náà. Ní ọdún 1938, nígbà tí wọ́n ń wa ilẹ̀ láti kọ́lé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n hú àwọn orí idẹ jáde. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1939, ọ̀kan nínú wọn ti wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù. Bí kò bá sí ilé tí ó ní ìlẹ̀kùn àti àgádágodo, ohun tí ì bá kù fún wa kì bá tó nǹkan. Nítorí náà, ẹni tí ó bá wọ ibẹ̀ pẹ̀lú àríwísí lẹ́nu, bí èmi, kí ó kọ́kọ́ dúpẹ́. Ilé ìsádi ni. Ẹni tí ń sáré gbé ẹrù jáde nínú iná kì í ráyè to ẹrù náà lẹ́sẹẹsẹ.

Ṣùgbọ́n ọpẹ́ kò dí àríwísí lọ́wọ́. Ẹ wo ère ìbejì. Bóyá ni a fi lè rí ilé ńlá kan tí ó kó iṣẹ́ ọnà Yorùbá jọ, ìbáà ṣe nílé, ìbáà ṣe lókè òkun, tí kò ní in. Àkọlé rẹ̀ á máa sọ fúnni pé igi ni, pé Yorùbá ni ó gbẹ́ ẹ. Kì í sábà sọ ìdí tí imú àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ fi dán tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́. Ìyá kan ni ó ń wẹ̀ ẹ́, tí ó ń fi osùn pa á lára, tí ó ń gbé oúnjẹ kàn án lẹ́nu. Nígbà tí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, a kì í fi ère rẹ̀ ṣe ọ̀ṣọ́ ilé. Ọmọ ni, ọmọ a sì máa jẹun. Ẹ̀wà ni a ń sè fún un, tí a ń pe àwọn ọmọdé àdúgbò wá jẹ. Ọwọ́ tí ó ń bọ́ ọ, tí ó sì ń wẹ̀ ẹ́, ni ó nù ún dán bẹ́ẹ̀. Nísinsìnyí tí ó wà nínú gíláàsì, a ti pa á mọ́ lọ́wọ́ ikán, a ti pa á mọ́ lọ́wọ́ olè, a sì ti fi ebi pa á. N kò sọ pé kí àwọn olùtọ́jú máa se ẹ̀wà fún ère. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tí ó wò ó tí kò mọ̀ pé ó ti jẹun rí, kò tíì rí i.

Ìdí nìyí tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ Ọ̀gágun Múrítàlá Muhammed, tí wọ́n fi hàn ní ilé kan náà, fi ń bá ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ̀rọ̀ ju ère lọ. Ihò ọta ìbọn ọjọ́ kẹtàlá oṣù kejì ọdún 1976 wà lára rẹ̀. Ẹni tí ó ti gbọ́njú ní ọdún náà kò nílò àkọlé. Ó gbé ìtàn tirẹ̀ wá láti ilé. Ọkọ̀ náà ṣì ní ẹbí láyé. Ẹbí ère ìbejì ńkọ́? Àwa ni, ṣùgbọ́n a ti gbàgbé.

Mo wà nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan rí, tí n kò ní dárúkọ rẹ̀, nígbà tí iná mànàmáná lọ. Ọmọbìnrin tí ń mú wa kiri ti ń ka ohun tí ó kọ́ sórí fún wa láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí òkùnkùn ṣú, tí a kò rí nǹkan kan mọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí ìyá ìyá rẹ̀ ṣe máa ń se ẹ̀wà fún Táyé tí ó kú. Ẹnikẹ́ni kò mira. Nígbà tí iná dé, ó padà sí ohun tí ó kọ́ sórí.

Nítorí náà, bí ẹ bá jáde ní Oníkan ní ọ̀sán, ẹ wá obìnrin tí ń ta ẹ̀wà. Ẹ̀wà Àgọ̀yìn ni kí ẹ bèèrè: èyí tí a sè títí ó fi rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀, tí a kò fi ata sí, tí ata dúdú tí a fi epo pupa dín ń bọ̀ lórí rẹ̀, pẹ̀lú búrẹ́dì. Àwọn tí Èkó ń pè ní Àgọ̀yìn, tí wọ́n wá láti ilẹ̀ Benin àti Tógò, ni ó fi oúnjẹ yìí ta Èkó lọ́rẹ. Bí ó bá jẹ́ Ọjọ́ Ẹtì Rere ṣáájú Àjíǹde ni ẹ dé, ẹ lè bá fìréjọ̀n pàdé ní ilé àwọn Àgùdà: ẹ̀wà tí a lọ̀ kúnná, tí a fi omi àgbọn sè, tí àwọn baba ńlá wọn mú bọ̀ láti Bràsíì nígbà tí wọ́n bọ́ lóko ẹrú. Ẹ̀wà kan náà ni ìyá ìbejì ń sè, ni Àgọ̀yìn ń tà, ni Àgùdà ń fi ṣe ọdún. Ẹni tí ó bá jẹ ẹ́ lẹ́yìn tí ó ti wo ère, àkọlé tí kò kà nínú gíláàsì ni ó ń kà lórí àwo. Bí ẹ bá fẹ́ ibi tí ẹ óò jókòó sí ní ìrọ̀lẹ́, Freedom Park wà ní Broad Street. Ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ ni. Láti ọdún 2010 ni ó ti di ibi ìgbafẹ́, tí àwọn ènìyàn ń jẹ tí wọ́n ń mu níbi tí a ti ń wọn oúnjẹ fún ẹlẹ́wọ̀n.

Nítòsí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àtijọ́ ní Oníkan ni ilé tuntun wà, John Randle Centre for Yoruba Culture and History. Dókítà John Randle ni ó kọ́ odò ìlúwẹ̀ẹ́ síbẹ̀ ní ọdún 1928. Ní oṣù kìíní ọdún 2023 ni wọ́n ṣe ayẹyẹ ìṣílé fún ilé àṣà tí a kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ohùn, orin àti àwòrán tí ń rìn ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, èdè Yorùbá kò sì tijú láti sọ tẹnu rẹ̀. Èyí dára púpọ̀. Ewu tirẹ̀ ni pé ènìyàn lè gbọ́ ọ̀pọ̀ kí ó má dúró pẹ́ níwájú ohunkóhun. Ilé àtijọ́ ní ohun, ẹnu rẹ̀ ni kò là. Ilé tuntun ní ẹnu. Ẹ wo ti àtijọ́ kí ẹ tó wo tuntun. Nínú ohun tí ilé tuntun náà rí gbà ni àpótí ìjókòó kan tí wọ́n ń fi orúkọ Lander, arìnrìn-àjò ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, pè. British Museum ni ó yá wọn. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà: ẹni tí ó ni àpótí ni a yá ní àpótí.

Ní ọjọ́ kejì, ẹ má gba ọ̀nà Ṣágámù padà. Ẹ gba Lẹ́kí, kí ẹ gba Ẹ̀pẹ́ bọ́ sí Ìjẹ̀bú-Òde. Ọ̀nà yìí ni yóò mú yín kọjá ilẹ̀ Ẹrẹ́dò Súngbọ́, yàrà àti odi àwọn baba wa, tí ó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú po ní nǹkan bí 160 kìlómítà, tí ó sì ga tó 20 mítà níbòmíràn láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí odi. Ní ọdún 1999 ni Patrick Darling, awalẹ̀pìtàn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, mú kí gbogbo ayé gbọ́ nípa rẹ̀. Àwa tí ó yí ká ti ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lọ sóko láti ayébáyé. Kò ní gíláàsì, kò ní àgádágodo, oko àti ilé sì ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ohun tí Murray bẹ̀rù fún orí idẹ ni ó yẹ kí a bẹ̀rù fún odi yìí.

Ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ bèèrè ìkọ́kọrẹ́ kí ẹ tó wọ ọkọ̀ Ìjẹ̀bú-Igbó. Ewùrà tí a rin, tí a ń ge sínú ọbẹ̀ epo, ẹja àti edé ni. Ẹ wo ọjọ́ orí ẹni tí ó sè é. Ní ọ̀pọ̀ ibi tí mo ti jẹ ẹ́, ìyá àgbà ni, àwọn ọmọ tí ó yí i ká sì ń jẹ ìrẹsì. Bí ère bá sọnù, a lè tọpa rẹ̀ dé Lọ́ńdọ̀nù kí a bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n yá wa. Bí ọwọ́ tí ó mọ bí ewùrà ṣe ń dì nínú ìkòkò bá lọ, kò sí ilé tí a óò ti lọ bèèrè rẹ̀.

Nígbà tí mo padà dé gáréèjì, awakọ̀ mi àná wà níbẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ káàbọ̀. Wọ́n fún yín lóúnjẹ?" Mo ní wọn kò fún mi, pé mo rà á níta. Ó mi orí, ó ní, "Mo sọ bẹ́ẹ̀." Mo sọ fún un pé ní ọjọ́ mìíràn tí mo bá ń lọ, kí ó bá mi lọ, kí ó sì mú àwọn ọmọ rẹ̀ dání, èmi ni n óò san owó ẹ̀wà.