Ọmọba Aláìlórúnkún: Èrò Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Nínú Narbacular Drop
Ohun tí ó jẹ wá lógún ni bí àìní ṣe ń di ọgbọ́n nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá forí korí lórí eré kọ̀ǹpútà. Ní ọdún 2005, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ DigiPen ní Amẹ́ríkà gbé Narbacular Drop jáde. Orúkọ ọmọba inú rẹ̀ fi hàn pé kò ní orúnkún. Kò lè fò. Ìlẹ̀kùn idán méjì ni a ń ṣí sára ògiri: bí ó bá wọ ọ̀kan, a jáde nínú èkejì. Ìtàn ọmọba tí ẹbọra jí gbé ti gbó. A kò yìn wọ́n fún ìyẹn. Orúnkún tí kò sí ni ọnà inú iṣẹ́ náà, nítorí ẹni tí ó lè fò kì yóò wá ìlẹ̀kùn.

Valve gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà síṣẹ́; Portal jáde ní 2007. Chell, olú ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀, lè fò. Ṣé orúnkún kò wá ṣe pàtàkì mọ́ ni? A kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìlẹ̀kùn náà ti dá dúró kí orúnkún tó dé.