Onílé Ló Kọ Orin Yìí

Orin kan wà tí a kì í sábà kọ, àfi tí oníwàásù bá ti parí, tó ní kí àwọn tó fẹ́ gba Jésù bọ́ síwájú. “Bí Mo Ti Rí” ni. Olùdúrù á fà á bí orin ìsìnkú, a ó kọ ẹsẹ méjì, ó tán. Ọ̀nà tí a ń gbà kọ ọ́ yìí kò tẹ́ mi lọ́rùn. A ti sọ ọ́ di orin àlejò, bẹ́ẹ̀ onílé ló kọ ọ́.

Charlotte Elliott lorúkọ rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n bí ní 1789. Ìdílé òṣìṣẹ́ Olúwa ló ti wá. Henry Venn, akọ̀wé CMS tó dúró ti Àjàyí Crowther títí ó fi di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, ọmọ arákùnrin ìyá rẹ̀ ni. Charlotte ní tirẹ̀, àìsàn ti sọ ọ́ di ẹni tó ń gbélé láti nǹkan bí 1821. Ní 1834, ní Brighton, gbogbo ilé ń sá sókè sá sódò nítorí ọjà ìkówójọ, irú èyí tí àwa náà ń ṣe nígbà ìkórè. Àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ àlùfáà fẹ́ fi owó náà dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún ọmọbìnrin àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run. Òun nìkan ni kò lè ṣe nǹkan kan. Ó ń rò ó pé òun ò wúlò, inú ìrònú yẹn ni orin náà ti jáde. Ẹ jọ̀wọ́, ó ti lé lọ́dún 10 tó ti gba Jésù nígbà yẹn o.

Tí ẹ bá kọ gbogbo ẹsẹ rẹ̀, ẹ ó rí ohun tí ẹsẹ méjì ò lè fi hàn yín. Ọ̀rọ̀ kan náà ló fi bẹ̀rẹ̀ ẹsẹ kọ̀ọ̀kan títí dé òpin. Ṣé ẹ rí i? Bó ṣe rí níbẹ̀rẹ̀ náà ló ṣì rí níparí. Kò sọ níbì kankan pé òun ti sàn díẹ̀. Àmọ́ iyèméjì àti ìṣẹ́ tirẹ̀ tó pọ̀ lẹ́nu rẹ̀ tẹ́lẹ̀, nígbà tó fi máa parí, ìfẹ́ Olúwa ló ń sọ.

Àwọn oníwàásù kan fẹ́ràn láti sọ pé àbúrò rẹ̀ wá jẹ́wọ́ nígbà tó yá pé orin kan ṣoṣo yìí ṣe ju iṣẹ́ ìránṣẹ́ òun lọ. Òótọ́ ni, ó sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi kì í fi ìyẹn parí ìwàásù, torí ó ń ba orin náà jẹ́. Ohun tí ìjọ máa gbọ́ ni pé, “Áà, ó padà wúlò!” Tí eku bá ti jẹ ìwé tó kọ orin náà sí ńkọ́? Ṣé ìfẹ́ Ọlọ́run sí i á dín ni?

Mo ní ìdí tí mo fi ń béèrè. Àwa tí a wá jókòó sí Òkè Ọya níhìn-ín, iye tí oníkálukú mú wá la fi ń mọ ara wa. Ẹni tí ọjà rẹ̀ ò tà, tí kò rí owó aṣọ ẹgbẹ́ san, á kọ́kọ́ lọ jókòó sẹ́yìn, tó bá yá, a ò ní rí i mọ́. Tí a bá lọ kí i, á ní, “Pásítọ̀, ojú ń tì mí. Ẹ jẹ́ n tún ara mi ṣe ná.” Ìwọ tí ò ń ka èyí, tó bá jẹ́ ìwọ ni, Charlotte ò dúró tún ara rẹ̀ ṣe. Kò tiẹ̀ sí okun tó máa fi tún un ṣe.

Àléébù kan wà lára orin náà lójú tèmi: “èmi” ló kún inú rẹ̀, kò sí “àwa”. Èèyàn lè kọ ọ́ tomijé-tomijé, kó má bojú wo ẹni tó jókòó tì í. Nítorí náà mo ti bá olùdarí akọrin sọ ọ́. Lọ́jọ́ ìkórè ọdún yìí, kí a tó ka orúkọ ẹnikẹ́ni, gbogbo ìjọ á dìde kọ ọ́, gbogbo ẹsẹ, kí olùdúrù má sì fà á.