Ọ̀nà Àbájáde Omi

Nínú gbogbo iṣẹ́ tí ọwọ́ ń ṣe nídìí sísin ẹja àrọ̀, àrọ̀ abirùngbọ̀n, kò sí èyí tí ọkàn mi fà sí tó páìpù fífi sí táǹkì, nítorí ẹni tó mọ ibi tí omi yóò gbà wọlé, tí kò mọ ibi tí yóò gbà jáde, kò tíì mọ omi abùwẹ̀, omi abùmu. Ẹ̀rọ ni ó ń fi agbára ti omi wọlé, páìpù oníìnsì 1 sì lè tó o. Ṣùgbọ́n omi tó ń jáde kò ní olùrànlọ́wọ́ kan bí kò ṣe ìwúwo ara rẹ̀ àti ìdagẹ̀rẹ̀ ilẹ̀, òun ni a ṣe gbọ́dọ̀ la ọ̀nà tó gbòòrò sílẹ̀ dè é.

Ìṣirò ni ẹwà iṣẹ́ yìí. Aláìmọ̀ a máa rò pé páìpù oníìnsì 1 méjì ni ó ṣe déédéé oníìnsì 2 kan. Bẹ́ẹ̀ kọ́: ihò oníìnsì 2 tó ìlọ́po 4 ti oníìnsì 1, àti nítorí pé omi inú rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ha ara páìpù, omi tó ń gbà á kọjá lórí ìdagẹ̀rẹ̀ kan náà a máa lé ní ìlọ́po 5. Ẹni tó sì gbójú lé jíjìn omi, kí ó mọ̀ pé jíjìn náà ní láti di ìlọ́po 4 kí eré omi tó di ìlọ́po 2.

Ibi tí ọgbọ́n rẹ̀ jinlẹ̀ jù ni páìpù tó dúró láàárín táǹkì, tí omi ń gba orí rẹ̀ já síta. Ìsàlẹ̀ ni ìgbẹ́ ẹja àti àjẹkù oúnjẹ ń rọ̀ sí. Bí ó bá jẹ́ omi òkè nìkan ni ó ń ṣàn jáde, ìdọ̀tí ni a ó máa fi sílẹ̀ fún ẹja. Nítorí náà ni a ṣe ń fi páìpù mìíràn tó tóbi tó sì ga ju páìpù tó dúró yìí lọ bò ó, tí a dá ihò sí nídìí, kí omi ìsàlẹ̀ lè gba ibẹ̀ wọlé, kí ó gba àárín méjèèjì gòkè, kí ó sì já sínú ti inú tòun ti ẹ̀gbin rẹ̀. Bí ti inú bá jẹ́ ìnsì 2, ìnsì 4 ni mo fi ń bò ó, nítorí àyè tí ìnsì 3 yóò fi sílẹ̀ láàárín wọn há jù.

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti í wò ó: òkú ẹja kan ṣoṣo lè dí ọ̀nà lóru nígbà tí gbogbo ojú ti sùn; nítorí náà, èmi kì í fi táǹkì sílẹ̀ láìní ọ̀nà kejì nítòsí etí rẹ̀, tí omi kì í gbà àfi lọ́jọ́ ìṣòro.

Omi kì í gba ẹ̀bẹ̀, kì í gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá wọn ọ̀nà fún un dáadáa ni ó ń sìn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ ẹja sísìn, ẹ wọn ọ̀nà àbájáde kí ẹ tó ra ẹ̀rọ.