Ayaba Tó Ga Ju Ọba Lọ

Ní tẹ́ẹ̀mù tó kọjá, olùkọ́ iṣẹ́ ọnà wa ní kí kálukú ya ẹnì kan nínú ilé rẹ̀ níbi tó ti ń ṣiṣẹ́. Mo ya Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, níbi tí wọ́n jókòó sí tí wọ́n ń ṣa obì gbàǹja ní Sábó, ní Ṣágámù níbí. Mo yà wọ́n tóbi. Tírélà tí wọ́n ń kó agbọ̀n obì sí lẹ́yìn wọn kò ga dé èjìká wọn, àwọn Háúsá oníbàárà tó dúró tì wọ́n kò sì ju orúnkún wọn lọ. Máàkì 9 nínú 20 ni mo gbà. Olùkọ́ fi bírò pupa kọ ọ́ sí i pé ìwọ̀n wọn kò bára mu.

Ó dùn mí, n kò ní purọ́. Bùrọ̀dá mi tó wà ní yunifásítì wo àwòrán náà, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n wá ṣí fóònù wọn, wọ́n fi òpó onígi kan hàn mí. Wọ́n ní, "Ẹni tó gbẹ́ eléyìí náà ì bá féèlì lọ́wọ́ olùkọ́ yín."

Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀ ló gbẹ́ ẹ. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni wọ́n bí i sí ní nǹkan bí ọdún 1873, ṣùgbọ́n Ìsẹ̀ ní Èkìtì ló gbé dàgbà, ó sì kú ní 1938. Ó ṣe ẹmẹ̀sẹ̀ ní ààfin Arínjalẹ̀, ọba Ìsẹ̀, ó sì di agbẹ́gilére tí àwọn ọba ìlú mìíràn ń ránṣẹ́ sí. Láàárín 1910 sí 1914, ó gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn fún ààfin Ògògà ti Ìkéré. Àwọn òyìnbó náà ní irú wọn. Hans von Aachen, ará Jámánì, ya àwòrán fún Rudolf Kejì ní ààfin Prague. Bí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ bá na ọrùn obìnrin, tí wọ́n lọ́ ìbàdí rẹ̀ kọjá bí ara ṣe ń lọ́, àwọn onímọ̀ ní orúkọ fún un: Mannerism. Wọn kì í fún un ní 9 nínú 20.

Òpó tí mo ń wí yìí wà ní Art Institute of Chicago báyìí. Ó ga díẹ̀ ju mítà kan ààbọ̀ lọ. Ọba jókòó, ó dé adé, ẹyẹ wà lórí adé náà. Ayaba àgbà dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé àga ọba. Ọrùn rẹ̀ gùn, ó sì ga tó bẹ́ẹ̀ tí ọba fi dà bí ọmọ tí wọ́n gbé jókòó síwájú rẹ̀. Nísàlẹ̀, lẹ́sẹ̀ ọba, ìyàwó kékeré kúnlẹ̀.

Mo gbé fóònù náà fún Ìyá Àgbà. Wọ́n fi etí ìró nu ọwọ́, wọ́n gbé e súnmọ́ ojú, wọ́n ní, "Orí ta ni òrùlé wà?"

Mo tún un wò. Orí ayaba ni. Adé ọba kò kan òkè rárá. Èmi ti ń wo ọba láti àárọ̀, torí òun ló wà níwájú tó dé adé. Ìyá Àgbà, tó ti ru ẹrù fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹrù ni wọ́n kọ́kọ́ wá. Bí a bá yọ ọba kúrò níbẹ̀, ilé ṣì dúró. Bí a bá yọ obìnrin náà, ó di wíwó. Ayaba àgbà yìí kan náà ló ń gbé adé lé ọba lórí nígbà ìwúyè. Ọlọ́wẹ̀ ka ohun tí kálukú gbé rù, ó sì fi ìyẹn wọn gíga wọn.

Ilẹ̀kùn ààfin náà ní irú ọgbọ́n yìí. Lápá kan, Ògògà jókòó lórí ìtẹ́. Lápá kejì, wọ́n ń gbé Captain Ambrose, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, bọ̀. Nígbà yẹn, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló ń pàṣẹ fún gbogbo wa, ṣùgbọ́n lára pákó Ọlọ́wẹ̀, òyìnbó ni àlejò. Ní 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ síbi ìpàtẹ ńlá ní Wembley, ní London. British Museum fẹ́ rà á. Ògògà kò gba owó. Àga ọba tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló fi ṣe pàṣípààrọ̀, Ọlọ́wẹ̀ sì gbẹ́ ilẹ̀kùn mìíràn dípò rẹ̀.

Bùrọ̀dá mi ní wọ́n rẹ́ Kábíyèsí jẹ. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀ tán. Ọba tó ní Ọlọ́wẹ̀ nítòsí lè rò pé ilẹ̀kùn kò lè tán. Ọlọ́wẹ̀ ló tán. Èmi tí mo lè wọ ọkọ̀ ní Ṣágámù láàárọ̀ kí n sì dé Ìkéré kí ilẹ̀ tó ṣú, orí fóònù ni mo ti ń wo ohun tí wọ́n gbẹ́ fún Ìkéré. Fóònù kò sì ṣeé yí ká. Wọ́n gbẹ́ òpó kí èèyàn lè gba ọ̀tún rẹ̀ kọjá, kó gba òsì. Iwájú nìkan ni mo rí.

Ohun kan wà tí kò tẹ́ mi lọ́rùn: ìyàwó kékeré tó kúnlẹ̀ yẹn. Ó kéré jù. Ìyá Àgbà ní àwọn náà kúnlẹ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ. Ìdáhùn yẹn kò tó mi. Bí ó bá jẹ́ ẹrù ni Ọlọ́wẹ̀ ń kà, ta ní ń pọnmi ààfin?

Mo ní kí Bùrọ̀dá tẹ àwòrán òpó náà jáde, mo sì mú un lọ bá olùkọ́ wa pẹ̀lú èyí tí mo yà. Wọ́n wò wọ́n pẹ́. Wọ́n ní, "Ọlọ́wẹ̀ mọ bí ara ṣe rí kó tó nà án. Ìwọ ńkọ́?"

Mo wo ọwọ́ Ìyá Àgbà nínú àwòrán mi dáadáa. Ìka mẹ́rin ni mo yà sí ọwọ́ òsì.