Ẹni tó di ìsàlẹ̀ orin mú

Bí ẹ bá sùn sí abà oko ní alẹ́ ọjọ́ kan tí wọ́n ń ṣe ìnáwó ní Gúkà, kí ni ẹ máa ń gbọ́? Ẹ kò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ tí akọrin ń sọ. Ẹ kò ní gbọ́ fèrè. Ohùn kan ṣoṣo ni yóò dé ọ̀dọ̀ yín: dùm, dùm, dùm, bí ẹni tí ń gún iyán ní ẹ̀yìnkùlé ẹlòmíràn. Ohùn gìtá báàsì ni. Okùn rẹ̀ nípọn, ohùn rẹ̀ wà nísàlẹ̀, ògiri kì í sì í dá a dúró.

Mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ nípa ẹni kan tó ta gìtá yìí, àti nípa ẹgbẹ́ rẹ̀, Poly-Rythmo ti Kútọnu. Àwọn òbí wa jó orin wọn. Ọdún 1968 ni ẹgbẹ́ náà bẹ̀rẹ̀. Mélomé Clément ni olórí, ó ń fọn fèrè ńlá tí à ń pè ní sàsófóònù. Wọ́n fi «Tout Puissant» ṣáájú orúkọ wọn, ìyẹn ni «alágbára jùlọ» ní èdè Faransé. Orúkọ ìgbéraga ni, àmọ́ iṣẹ́ wọn tó bẹ́ẹ̀. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún orin ni wọ́n ṣe, wọ́n sì tún ń lù fún àwọn akọrin mìíràn.

Olórí yìí kò dúró níwájú kí ó fi ara rẹ̀ bo àwọn yòókù. Ó jẹ́ kí Lohento Eskill kọrin tirẹ̀, kí Vincent Ahéhéhinnou kọ tirẹ̀, kí Amenoudji Joseph tí wọ́n ń pè ní Vicky náà kọ tirẹ̀. Nítorí náà orúkọ àwọn akọrin ni a mọ̀. Ẹni tó ń ta báàsì, Gustave Bentho ni orúkọ rẹ̀. Mélòó nínú wa ló mọ̀ ọ́n?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ẹgbẹ́ náà mú ìlù àwọn baba wa, wọ́n fi gìtá àti fèrè lù ú. Wọ́n mú sato, ìlù ńlá tí wọ́n ń lù nígbà òkú. Wọ́n mú ìlù Sakpata. Àwa tí a wà ní Bantè àti Savalou kò lè gbọ́ orúkọ yẹn kí a ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Òun ni àwa Nàgó ń pè ní Ṣànpọ̀nná, tí a sì ń fi ọ̀wọ̀ pe orúkọ rẹ̀. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ní Àgbómẹ̀ ni pé láti apá òkè, láti Dasa àti Savalou, ni òrìṣà náà ti dé ọ̀dọ̀ wọn.

Nínú irú ìlù bẹ́ẹ̀, agogo wà, ìlù kékeré wà tí kì í yí ohùn padà, ìlù ńlá sì wà tí ń bá ẹsẹ̀ oníjó sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sínú orin onígìtá, ta ni yóò ṣe iṣẹ́ ìlù ńlá? Lójú tèmi, Bentho ni. Kì í ta báàsì rẹ̀ bí ẹni tí ń ṣe fọ́ńté. Yóò mú ọ̀rọ̀ kúkúrú kan, yóò sọ ọ́, yóò tún un sọ. Níbi tí ẹ ti rò pé yóò tẹ ilẹ̀, á fò ó, ẹsẹ̀ yín ni yóò sì lọ tẹ̀ ẹ́. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí kò gbọ́ Fọ̀n tàbí Mína fi ń jó orin wọn láìbéèrè ìtumọ̀. (Wọ́n fi èdè wa náà kọrin nígbà mìíràn, àmọ́ kò pọ̀ tó bí mo ti fẹ́.)

Àwọn kan máa ń sọ pé James Brown ti Amẹ́ríkà ni wọ́n kàn ń sín jẹ. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Wọ́n fẹ́ràn orin rẹ̀, wọ́n sì mọ ohun tí Fẹlá ń ṣe ní Èkó, níbi tí àwọn náà ti ń lọ gba orin sílẹ̀ fún Albarika Store. Ṣùgbọ́n ẹ yọ igbe akọrin kúrò, ẹ gbọ́ ìsàlẹ̀ nìkan. Amẹ́ríkà kọ́ ni ẹ óò gbọ́ níbẹ̀.

Ẹ fi orin kan dán an wò, «Gbeti Madjro». Wọ́n ti ṣe é láti ìgbà èwe wọn, wọ́n sì tún un ṣe pẹ̀lú Angélique Kidjo nínú àwo «Cotonou Club» ní ọdún 2011. Ti 2011 mọ́ tónítóní, ohùn kọ̀ọ̀kan jókòó sí àyè tirẹ̀. Ti àtijọ́ ha, gbogbo wọn fún pọ̀ bí èrò inú takisí ọjọ́ ọjà. Ti àtijọ́ ni mo yàn. Iná rẹ̀ pọ̀ jù.

Láàárín méjèèjì, ojú wọn rí nǹkan. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ikú mú Papillon tó ń ta gìtá, ó mú Yéhouessi Léopold tó ń lu ìlù. Ẹgbẹ́ náà rẹ̀ wálẹ̀, a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé wọn. Ará òkèèrè ló tún orúkọ wọn gbé dìde: Samy Ben Redjeb wá láti Jámánì, ó wá àwọn dísìkì àtijọ́ kiri, ó sì tún wọn tẹ̀ jáde ní 2008 àti 2009. Ní 2009 náà ni wọ́n lọ ṣeré ní Yúróòpù fún ìgbà àkọ́kọ́. Mélomé kú ní oṣù kejìlá ọdún 2012. Àwọn tó kù ṣe àwo mìíràn, «Madjafalao», ní 2016.

Inú mi dùn pé wọ́n rí ìyìn kí olórí wọn tó kú. Àmọ́ ó dùn mí pé ẹni tí kò gbọ́ èdè wa ló ra dísìkì tí àwa fi ń bo ẹnu ìkòkò omi. Mo ti fi ojú ara mi rí ọ̀kan bẹ́ẹ̀ nínú ilé kan níhìn-ín.

Ẹ wo inú àpótí àwọn bàbá yín. Bí ẹ bá rí dísìkì, ẹ nù ún, ẹ ka ohun tó wà lórí rẹ̀. Bí ẹ bá kà «Dahomey», orúkọ tí orílẹ̀-èdè wa ń jẹ́ títí di 30 oṣù kọkànlá ọdún 1975 nìyẹn. Bí ẹ bá kà «Poly-Rythmo», ẹ wá orúkọ ẹni tó ta báàsì. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ mú bírò, kí ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀yìn páálí rẹ̀: Gustave Bentho.